Sheikh Izzuddīn: Kádì tó lu àwọn ìjòyè ní gbàǹjo

Bí ilé ẹjọ́ bá dá ẹjọ́ tí kò tẹ́ àwọn aláṣẹ lọ́rùn, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé adájọ́ ti kọjá àyè rẹ̀, ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òfin tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ló kàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lágbára. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé Sheikh Izzuddīn ọmọ Abdus-Salām wò, ẹni tí àwọn èèyàn ń pè ní ọba àwọn onímímọ̀.

Ìlú Dàmásíkù ni wọ́n bí i sí, ní ọdún 577 Híjírà. Òun ló ń ka kùtúbà ní mọ́sáláṣí ńlá ìlú náà. Nígbà tí ọba ibẹ̀, Sālih Ismāʻīl, fi àwọn odi ìlú kan lé àwọn jagunjagun Yúróòpù lọ́wọ́, Sheikh bẹnu àtẹ́ lù ú lórí mínbárì. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní 639 Híjírà, ó dé Íjíbítì. Ọba ibẹ̀, Najmuddīn Ayyūb, fi í jẹ kádì àgbà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn Mamlūk ti dé iwájú rẹ̀. Ẹrú tí wọ́n fi owó ilé ìṣúra ìlú rà ni wọ́n, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ogun, wọ́n sì di ìjòyè ńlá. Igbákejì ọba gan-an wà nínú wọn. Sheikh kò rí ẹ̀rí kankan pé wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ bí Ṣẹ́ríà ṣe là á sílẹ̀, nítorí náà kò fọwọ́ sí káràkátà àti ìgbéyàwó wọn. Ó ní àfi kí wọ́n tà wọ́n, kí owó wọn padà sí ilé ìṣúra, kí wọ́n tó lè di òmìnira. Kò dá òfin kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ọmọ kéú ń kà nínú tírà fíkíhì náà ló sọ, àwọn tí idà wà lọ́wọ́ wọn ló sì sọ ọ́ fún.

Ọba ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Sheikh di ẹrù rẹ̀ lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó kó ìdílé rẹ̀, ó jáde kúrò ní Káírò. Àwọn òpìtàn sọ pé tọkùnrin tobìnrin, oníṣòwò àti àfáà, ló tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ọba rí i pé ìlú fẹ́ tú mọ́ òun lórí, òun fúnra rẹ̀ ló lé e bá láti bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe lu àwọn ìjòyè ní gbàǹjo lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ní owó gọbọi, tí wọ́n sì ná owó náà sí ire aráàlú.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé ìlù sórí mọ́sáláṣí kan. Sheikh wó o, ó sì fi ipò kádì sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ láti wólé kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n Sheikh kò jókòó sórí àga náà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní 1259, àwọn Mongol tó run Bàgídáàdì ń bọ̀. Ọba Qutuz fẹ́ gba owó ogun lọ́wọ́ aráàlú. Sheikh kò sọ pé ọba kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó kàn ní kí owó ilé ìṣúra kọ́kọ́ tán, kí àwọn ìjòyè kó wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ wọn jáde, kí wọ́n tó fọwọ́ kan tàwọn mẹ̀kúnnù. Ní 1260, àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun ní Ayn Jālūt. Ọdún 660 Híjírà ni Sheikh kú.

Ìyàtọ̀ tí a ń wá nìyẹn. Adájọ́ tó bá hun òfin láti inú ara rẹ̀ ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́. Èyí tó bá sì rí òfin, tó wá dákẹ́ nítorí ojú ẹnìkan, ti sọ iṣẹ́ tirẹ̀ nù. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Sheikh, kí Ó fún wa ní adájọ́ tó mọ ààlà rẹ̀, tí kò sì ní tìtorí ìbẹ̀rù dúró láìdé ibẹ̀. Àmín.