Subrahmanyan Chandrasekhar àti Òdiwọ̀n Ìràwọ̀

Ọjọ́ 19, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1910 ni a bí Subrahmanyan Chandrasekhar ní ìlú Lahore, èyí tó wà lára Íńdíà nígbà náà, ṣùgbọ́n tó ti di ti Pakistan láti ọdún 1947. Òun ni àkọ́bí ọkùnrin láàrin ọmọ mẹ́wàá. Ilé tí ìwé ti jọba ni ilé wọn. Ìyá rẹ̀, Sitalakshmi, túmọ̀ eré onítàn Henrik Ibsen kan sí èdè Tamil. Àbúrò bàbá rẹ̀, C. V. Raman, ló gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1930.

Ní ọdún yìí kan náà ni Chandrasekhar parí ẹ̀kọ́ ní Presidency College, Madras, tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yunifásítì Cambridge. Ọmọ ọdún 19 ni. Orí omi ló wà tó fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tó sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn onímọ̀ gbà nígbà náà pé bí ohun tó ń jó nínú ìràwọ̀ bá tán, ìràwọ̀ náà yóò súnkì, yóò di aràrá funfun, yóò sì máa tutù lọ. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìràwọ̀ ni èyí bá mu. Èyí tí ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ bá ju nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ìwọ̀n oòrùn lọ kò lè dúró bí aràrá funfun. Ńṣe ni yóò máa wó sínú ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1935, ó gbé iṣẹ́ náà síwájú ẹgbẹ́ Royal Astronomical Society ní London. Arthur Eddington, ògbóǹtarìgì tí ayé ń wárí fún, tó sì ti máa ń bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wò láti mọ ibi tí iṣẹ́ dé, ló dìde tẹ̀ lé e. Ó ní ìpìlẹ̀ ìṣirò náà kò dúró, ó sì fi àbájáde rẹ̀ ṣẹ̀sín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn bíi Wolfgang Pauli mọ̀ pé Chandrasekhar ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ ní gbangba. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n àgbà nìkan ni wọ́n gbọ́.

Chandrasekhar gbé Lalitha níyàwó ní ọdún 1936, ó kó lọ sí Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà ní 1937, ó kó èrò rẹ̀ jọ sínú ìwé ní 1939, ó sì kọjú sí ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn. Kò di kùnsínú. Nígbà tí Eddington kú ní 1944, ó yìn ín gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ga jù lọ nígbà ayé wọn. Láti 1952 sí 1971, òun ni olóòtú jọ́nà Astrophysical Journal. Ní 1983, nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ẹ̀sín London, òun àti William Fowler jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ó kú ní Chicago ní ọjọ́ 21, oṣù Ògún, ọdún 1995.

Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká kì í jẹ́ kí ìtànṣán X-ray láti ara ìràwọ̀ dé ilẹ̀. Ìdí nìyí tí Riccardo Giacconi àti Harvey Tananbaum fi dábàá fún NASA ní 1976 pé kí wọ́n gbé awò ńlá kan lọ sí gbalasa òfuurufú. Ọdún 23 ni àbá náà gbà kí awò náà tó gbéra ní ọjọ́ 23, oṣù Agẹmọ, ọdún 1999. Chandra, ìgékúrú orúkọ rẹ̀, ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ìràwọ̀ tó wó kọjá òdiwọ̀n tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín ní London wà lára ohun tí awò náà ti wò.