Stevenson, ọkùnrin tí ó fi ọmọ ogun òjé jagun lórí àjà

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá wà nísinmi, kò ṣòro láti rí ogun ní Ìdímù. Lẹ́yìn àwọn ilé tí ó kọ ẹ̀yìn sí títì tí ó ti Ìkọ̀tún lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn ọmọdé a kó ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò jọ, wọn a fi yanrìn mọ odi, wọn a sì pín àwọn ìdérí náà sí ọ̀wọ́ méjì. Àgbàlagbà tí ó bá ń kọjá lè pòṣé, kí ó ní wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe Robert Louis Stevenson ni ó ń kọjá, àfàìmọ̀ kí ó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó béèrè ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ìdérí yẹn.

Òun ni ó kọ Treasure Island, ìwé àwọn olè orí omi àti ìṣúra inú erékùṣù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà nígbà tí a wà ní ilé-ìwé. Ìlú Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún 1850. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni kíkọ́ ilé gogoro oníná sí etí òkun, kí ọkọ̀ ojú omi má baà forí sọ àpáta lóru. Òun nìkan ni ọmọ tí baba rẹ̀, Thomas, bí, nítorí náà òun ni gbogbo ilé ń wò pé yóò gba iṣẹ́ náà. Àmọ́ àyà ọmọ náà kò lágbára rárá. Ikọ́ a máa bá a jà mọ́jú, Alison Cunningham tí ń tọ́jú rẹ̀ a sì jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orí ibùsùn ni ó ti ń to àwọn ọmọ ogun òjé rẹ̀, tí ibi tí aṣọ ìbora bá ti ga sókè ń di òkè ńlá fún wọn. Ó fi èyí kọ ewì kan nínú ìwé ewì ọmọdé tí ó tẹ̀ jáde ní 1885.

Kò gba iṣẹ́ baba rẹ̀ ṣe. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó di agbẹjọ́rò ní 1875, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1876, ó pàdé Fanny Osbourne ní ilẹ̀ Faransé, obìnrin Amẹ́ríkà tí ó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, tí ó sì ní ọkọ àti ọmọ. Nígbà tí Fanny kọ ọkọ àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tán, wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní San Francisco ní oṣù karùn-ún ọdún 1880. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lloyd bá ìyá rẹ̀ wọlé. Ọmọ yìí ni ó wá di ọ̀tá rẹ̀ lójú ogun.

Àwọn dókítà ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ orí òkè a máa ṣe ẹ̀dọ̀fóró lóore, wọ́n sì ní kí Stevenson lọ sí Davos ní Switzerland. Ní ìgbà òtútù tí ó wọ ọdún 1882, ilé onípákó kan ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, orí àjà ilé náà ni ojú ogun sì wà. Àkàsọ̀ tí kò dúró dáadáa ni wọ́n fi ń gun ibẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, òrùlé rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í fi í lè nàró. Àbẹ́là ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi ya máàpù odidi ilẹ̀ kan sórí pákó: òkè, odò, ìlú, afárá, àti ọ̀nà oríṣi méjì, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ẹni ọdún 31 àti ọmọ ọdún 13 ti ń kúnlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí òtútù ń mú ìka wọn kú.

Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń to ọmọ ogun, tí wọ́n sì ń gbá wọn ṣubú. Ìwọ̀nba ni ibi tí ẹgbẹ́ ogun lè rìn dé lẹ́ẹ̀kan. Ẹlẹ́ṣin a máa ṣíwájú, àwọn tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ a sì wà lẹ́yìn. Ìbọn àgbá kì í yára bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ìtọ́jú rẹ̀ sì wọ́n. Bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́, ọ̀nà náà a bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n lè wó afárá, wọ́n sì lè tún un ṣe. Lékè gbogbo rẹ̀, ọmọ ogun òjé gbọ́dọ̀ jẹun: ọ̀gágun ní láti ṣètò bí oúnjẹ àti ohun ìjà yóò ṣe máa tẹ̀ lé wọn. Níbẹ̀rẹ̀, wákàtí díẹ̀ ni ogun kan ń gbà. Nígbà tí òfin eré náà gbèrú, ogun kan ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ibi tí ó dùn mọ́ èmi akọ̀ròyìn jù ni pé Stevenson tún ń kọ ìròyìn ogun náà, bí ẹni pé àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ orí àjà ní aṣojú lójú ogun. Ọ̀kan ń jẹ́ Glendarule Times, èkejì ń jẹ́ Yallobally Record. Record yìí kì í mọ ẹnu mọ́, títí ọ̀gágun Osbourne, ìyẹn Lloyd, fi pàṣẹ pé kí wọ́n yẹgi fún olóòtú rẹ̀, tí ìwé ìròyìn mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀ sì rọ́pò rẹ̀. A dúpẹ́ pé orí pákó ni. Lloyd ni ó tẹ ìtàn eré náà jáde nínú ìwé ìròyìn Scribner's ní Amẹ́ríkà ní 1898.

Kì í ṣe àwọn ni ó kọ́kọ́ ronú irú rẹ̀. Láti 1824 ni ọ̀gá ológun kan ní Prussia, von Reisswitz, ti gbé òfin irú eré bẹ́ẹ̀ jáde láti fi kọ́ àwọn ológun. Nígbà tí àwọn ará Prussia àti àwọn Jámánì yòókù ṣẹ́gun Faransé ní 1871, àwọn ilẹ̀ mìíràn sáré fara wé e.

Ní ìgbà òtútù yẹn kan náà, ní ilẹ̀ tiwa, ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń jà. Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti dojú kọ ara wọn ní Kírìjì, láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí. Ọ̀nà ni ó ń dààmú Ìbàdàn níbẹ̀ pẹ̀lú: Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etí òkun mọ́ wọn, nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn. Ibùdó ogun ni Ààrẹ Látòósà kú sí ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí ibùdó náà tó tú ká.

Davos náà ni Stevenson ti parí Treasure Island, tí máàpù erékùṣù kan tí òun àti Lloyd fi ṣeré bí ní Scotland ní 1881. Ó di ìwé ní 1883, orúkọ rẹ̀ sì kàn. Ìtàn Dókítà Jekyll àti Ọ̀gbẹ́ni Hyde tẹ̀ lé e ní 1886. Àyà rẹ̀ kò sàn síbẹ̀. Ní 1888, ó kó ìdílé rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkun Pàsífíìkì, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Vailima, ní ìtòsí ìlú Apia ní Samoa. Tusitala ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, èyí tí í ṣe òpìtàn.

Samoa ni ogun gidi ti bá a. Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń fa ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn ìjòyè méjì, Mataafa àti Laupepa, sì ń du oyè. Stevenson kọ odindi ìwé ní 1892 láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aṣojú òyìnbó. Ní oṣù keje ọdún 1893, ìjà bẹ́. Wọ́n gbé orí ènìyàn tí wọ́n gé wá sí ọ̀dọ̀ ọba, orí ọ̀dọ́mọbìnrin sì wà nínú wọn. Stevenson lọ sí ibi tí wọ́n kó àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sí, ó fi ojú ara rẹ̀ rí wọn. Mataafa tí ó ń gbè lẹ́yìn ni wọ́n ṣẹ́gun. Wọ́n gbé e lọ sí ìgbèkùn, wọ́n sì ti àwọn ìjòyè rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Apia. Ọkùnrin tí ó ti ń ṣírò oúnjẹ ọmọ ogun òjé wá ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Nígbà tí wọ́n dá àwọn ìjòyè náà sílẹ̀ ní 1894, wọ́n wá sí Vailima, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà dé ilé rẹ̀, láìgba owó ọ̀yà. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ pèsè oúnjẹ alẹ́ nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan já nínú ọpọlọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ti ń bẹ̀rù fún ọdún 40 ni ó pa á. Ẹni ọdún 44 ni. Àwọn ará Samoa fi àdá la igbó títí dé orí òkè Vaea, wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba ọ̀nà náà gòkè, wọ́n sì sin ín sí orí rẹ̀ lọ́hùn-ún.