Muda Lawal: Mẹkáníìkì Ọmọ Ẹ̀gbá Tí Ìbàdàn Sọ Di Tirẹ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí àwọn kan ti ń gba ilé ìwé dé ipò ọlá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gba ìdí iṣẹ́ ọwọ́ débẹ̀. Mudaṣiru Babátúndé Lawal, tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí Muda Lawal, wà lára àwọn tó gba ọ̀nà kejì yìí. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 1954. Mẹkáníìkì ni kí bọ́ọ̀lù tó gbé orúkọ rẹ̀ ga.

Ìlú Ìbàdàn ni oríire rẹ̀ wà. Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ti bá ara wọn jagun rí láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun láti onírúurú ilẹ̀ Yorùbá ló kóra jọ tẹ Ìbàdàn dó, kò sì ṣàjèjì fún ìlú náà láti gba ọmọ ẹlòmíràn mọ́ra. Nígbà tí ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní oṣù kejì ọdún 1976, Abẹ́òkúta bọ́ sí Ògùn, Ìbàdàn bọ́ sí Ọ̀yọ́. Ààlà tuntun yìí kò dí Muda lọ́wọ́ láti fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ṣe ilé.

Ọdún náà gan-an ni ìràwọ̀ rẹ̀ yọ. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tí ó bá àwọn Green Eagles lọ sí ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Ẹtiópíà, níbi tí Nàìjíríà ti ṣe ipò kẹta. Kí ọdún tó parí, IICC pàdé Tonnerre ti Yaoundé, tí Roger Milla wà nínú rẹ̀, nínú àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ló ni ife náà lọ́wọ́. IICC fi góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan nà wọ́n nílé. Ẹyọ kan péré ni wọ́n sì rí gbà padà ní Yaoundé. Báyìí ni Ìbàdàn ṣe ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mapó dé Beyerúnká, ayọ̀ gbòde. Ọmọ Ẹ̀gbá ti di ọmọ Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1980, Nàìjíríà kojú Àlìjíríà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, l'Ékòó. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ẹlẹgbẹ́ Muda ní IICC, gbá góòlù méjì wọlé. Muda ló fi ẹ̀kẹta dé e ládé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Nàìjíríà gba ife náà. Ààrẹ Shehu Shagari fi ilé àti ọkọ̀ ta àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lọ́rẹ. Ẹni tó ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe wá di ẹni tí ìjọba fún ní ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dùn láìní ìkorò. Ní ọdún 1984, Muda ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Abidjan, síbẹ̀ Kamẹrúùnù padà borí pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ní ìparí ọdún yẹn, Zamalek ti Íjíbítì na Shooting Stars nínú àṣekágbá tiwọn. Inú bí ìjọba ológun Ọ̀yọ́, ó sì tú ẹgbẹ́ náà ká. Muda gba Stationery Stores l'Ékòó lọ, lẹ́yìn náà ó padà sí Abẹ́òkúta, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Abiola Babes.

Ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà márùn-ún ló kópa nínú rẹ̀ léraléra, láti ọdún 1976 títí dé 1984. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ lẹ́ẹ̀mejì, wúrà lẹ́ẹ̀kan àti fàdákà lẹ́ẹ̀kan.

Ikú kò jẹ́ kó dàgbà. Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 1991 ni ó jáde láyé, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Pápá ìṣeré tó wà ní Asero, Abẹ́òkúta, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Abẹ́òkúta ló bí i, Ìbàdàn ló tọ́ ọ dàgbà nínú bọ́ọ̀lù, Nàìjíríà ló sì jèrè àwọn méjèèjì.