Wilbur Wright, Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Tó Kọ́ Ayé ní Fífò

Bí bàálù bá ń kọjá lónìí, àwọn ọmọdé nìkan ló ṣì máa ń sáré jáde wò ó. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ẹni tó bá ní èèyàn máa fò fi ń di ẹni ẹ̀rín. Wilbur Wright wà lára àwọn tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ìtàn ẹ̀ la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1867 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Bíṣọ́ọ̀bù ni bàbá ẹ̀, Milton. Ìyá ẹ̀, Susan, ló mọ irinṣẹ́ lò nínú ilé, òun ló ń tún nǹkan tó bá bàjẹ́ ṣe (ẹ rí i, kì í ṣe bàbá o!). Ní 1878, bàbá ti ìrìn àjò dé, ó mú ohun ìṣeré kan bọ̀ fún Wilbur àti àbúrò ẹ̀, Orville. Tí wọ́n bá lọ́ rọ́bà ara ẹ̀ dáadáa tí wọ́n sì fi í sílẹ̀, á fò lọ bá àjà. Wọ́n fi ṣeré títí ó fi bàjẹ́.

Wilbur mọ̀wé gan-an, wọ́n tiẹ̀ ń gbèrò láti rán an lọ sí Yunifásítì Yale. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù kan, láàárín 1885 sí 1886, wọ́n ń gbá họ́kì lórí yìnyín, ni igi bá gbá a lójú, eyín iwájú ẹ̀ sì yọ. Ara ẹ̀ ò dá ṣáṣá fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ Yale wọlẹ̀ síbẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá ìyá ẹ̀ jà lásìkò yẹn, Wilbur ló sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, tó ń gbé e padà sókè lálẹ́, títí ìyá fi kú ní 1889. Ní gbogbo ọdún yẹn, ìwé inú ilé bàbá ẹ̀ ló ń kà. Ìwé ẹ̀rí girama pàápàá, kò gbà á, torí ìdílé wọn kó lọ sí Dayton, ní Ohio, kí wọ́n tó fún un.

Ní 1892, òun àti Orville ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní Dayton. Wọ́n ń tà, wọ́n ń tún un ṣe, nígbà tó yá wọ́n ń ṣe tiwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ìròyìn dé ní 1896 pé Otto Lilienthal, ará Jámánì tó ti fi apá àtọwọ́dá fò ju ìgbà 2,000 lọ, ti já bọ́, ó sì ti kú. Ẹlòmíì á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Wilbur ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé nípa fífò kiri.

Àwọn tó kù ń wá ẹ́ńjìnnì alágbára. Wilbur rò ó bí oníkẹ̀kẹ́: kẹ̀kẹ́ á ṣubú tí ẹni tó gùn ún ò bá lè mú un dúró déédéé, ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ó ti wo ẹyẹ títí, ó rí i pé wọ́n máa ń lọ́ etí apá wọn. Lọ́jọ́ kan ní 1899, ó mú páálí tíúbù kẹ̀kẹ́ kan dání nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ́ ọ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìronú, ló bá rí i pé bí òun ṣe máa lọ́ apá ọkọ̀ òfurufú nìyẹn. Páálí lásán o!

Ní 1900 àti 1901, wọ́n gbé ọkọ̀ tí ò ní ẹ́ńjìnnì lọ sí Kitty Hawk, etí òkun kan tó kún fún iyanrìn àti atẹ́gùn. Ti 1901 já wọn kulẹ̀ pátápátá. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Wilbur sọ fún Orville pé èèyàn ò ní fò títí àádọ́ta ọdún. Àmọ́ dípò kí wọ́n jókòó máa banú jẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìṣirò Lilienthal tí gbogbo èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n kan àpótí gbọọrọ kan, wọ́n fi fáànù fẹ́ atẹ́gùn gba inú ẹ̀, wọ́n fi irin sípòókù kẹ̀kẹ́ ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n sì dán nǹkan bí 200 oríṣi apá kékeré wò. Ìṣirò tiwọn ni wọ́n fi kan ọkọ̀ 1902, ìyẹn sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni Charlie Taylor, mẹkáníìkì wọn, wá ṣe ẹ́ńjìnnì fún wọn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 1903, wọ́n ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ fò. Wilbur ló jẹ, ṣùgbọ́n ó gbé imú ọkọ̀ sókè jù, ó já bọ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán ní ọjọ́ 17, ó kan Orville: ìṣẹ́jú àáyá 12, ẹsẹ̀ bàtà 120. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lọ́jọ́ yẹn, Wilbur lo ìṣẹ́jú àáyá 59, ó lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 852. Kò pẹ́ sí i, atẹ́gùn gbé ọkọ̀ náà ṣubú, ó fọ́, kò sì fò mọ́ láéláé.

Ọ̀pọ̀ ò gbà wọ́n gbọ́, pàápàá àwọn ará Faransé. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1908, Wilbur fò níwájú wọn nítòsí Le Mans. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ó yí po lójú ọ̀run bí ẹyẹ, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, ó fò fún wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú láìbalẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fò lókè odò Hudson ní New York, ó so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan mọ́ abẹ́ bàálù, bóyá á já sómi. Ọgbọ́n nìyẹn.

Bàbá wọn ti ní kí àwọn méjèèjì má fò pọ̀ rárá, kí jàǹbá má baà pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù karùn-ún 1910, ó gbà fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Orville gbé bàbá fúnra ẹ̀ gòkè, ẹni ọdún 81, bàbá sì ń ní kó túbọ̀ gòkè sí i!

Ọdún ìgbẹ̀yìn Wilbur bá ẹjọ́ lọ. Ó ń bá àwọn tó ń lo ọgbọ́n wọn láìgbàṣẹ ṣẹjọ́ kiri, kò fẹ́ẹ̀ fò mọ́. Ìyẹn dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló pa á ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1912, lẹ́ni ọdún 45. Kò níyàwó, kò bímọ.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, Alcock àti Brown fò láti Newfoundland dé Ireland ní nǹkan bíi wákàtí 16. Orville pẹ́ láyé títí di 1948, nígbà tí ẹni tó bá lówó ti lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kó sì sọdá òkun Àtìláńtíìkì nínú bàálù. Ọkọ̀ ojú omi ni Wilbur wọ̀ ní gbogbo ìgbà tó sọdá òkun yẹn.