Conn Smythe, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá a ra eléré họ́kì

Ọdún 1895 ni wọ́n bí Conn Smythe ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ní 1927, òun àti àwọn kan dá owó jọ, wọ́n ra ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ìlú náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Maple Leafs.

Ní 1930, ó fẹ́ ra King Clancy lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Ottawa. Iye rẹ̀ jẹ́ 35,000 dọ́là, pẹ̀lú eléré méjì lórí rẹ̀. Owó kò pé lápò ẹgbẹ́. Smythe ta tẹ́tẹ́ lé ẹṣin tirẹ̀, Rare Jewel, tí kò sẹ́ni tó kà á kún, ẹṣin náà sì gba ipò kìíní! Àwa ò ní gba oníṣòwò kankan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ o. Clancy dé, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ Stanley ní 1932.

Lójú tiwa, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti le jù ni 1957. Àwọn eléré fẹ́ kó ara wọn jọ, kí wọ́n lè dúnàádúrà owó iṣẹ́ wọn lóhùn kan. Jim Thomson wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n tà á fún Chicago.

Smythe kú ní 1980.