Seydou Keïta, Ayàwòrán Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ṣáájú Orúkọ Rẹ̀

Oníṣòwò Kantin Kwari ní Kano kì í fi ẹnu lásán ta aṣọ. Yóò kọ́kọ́ tú u, yóò ta á síta kí ojú lè rí i. Bí ojú bá ti fẹ́ ẹ, ọwọ́ yóò wá owó. Ọgbọ́n àtẹ yìí náà ni àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ayàwòrán lò. Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ Kodak pàtẹ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹni tí ó bá wò ó lè fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ó yà á. Ní ọdún 1900, wọ́n gbé kámẹ́rà Brownie jáde ní dọ́là kan péré. Brownie kan ni mọ̀lẹ́bí Seydou Keïta mú ti Senegal bọ̀ fún un ní ọdún 1935.

Ní nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí Keïta ní Bamako, olú-ìlú Mali. Kò lọ sí ilé-ìwé. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó kọ́. Ní ọdún 1948 ó ṣí ilé ìyàwòrán tirẹ̀, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn arìnrìn-àjò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó fi ń ṣiṣẹ́, aṣọ ìtẹ́bùsùn olódòdó ni ó sì ta sẹ́yìn oníbàárà. Nítorí pé fíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń yà wọ́n. Ó ń lu òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí àwòrán.

Láti ọdún 1962 ni ó ti di ayàwòrán ìjọba, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1977. Ní ọdún 1991, wọ́n pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní New York gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹni tí a kò mọ̀. André Magnin, ará Faransé, wá a dé Bamako, ó sì rí i. Ní ọdún 1994, àjọ tí ilé-iṣẹ́ oníwúrà Cartier dá sílẹ̀ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris, lórúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1998, Tati, ilé ìtajà aṣọ ní Paris, pè é láti yàwòrán fún àjọ̀dún àádọ́ta ọdún rẹ̀. Ọdún 2001 ni ó kú.

Orúkọ Kodak, ti Cartier àti ti Tati kò sọnù nínú ìpàtẹ tí wọ́n náwó sí. Ti Keïta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Bí ọlọ́jà bá jèrè àtẹ, ó tọ́ kí ẹni tí ó ṣe ọjà náà gba orúkọ rẹ̀.