Anna Hinderer

Anna Hinderer (ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1827 – ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1870) jẹ́ ajíhìnrere ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti ọkọ rẹ̀, David Hinderer, ọmọ Jámánì, wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni a fi ń rántí rẹ̀ jù.

Ìgbà èwe

Hempnall ní agbègbè Norfolk ni a ti bí i, Anna Martin sì ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó lọ́kọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà èwe rẹ̀ ní Lowestoft, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tálákà jọ láti kọ́ wọn. Ọdún 1852 ni ó ṣe ìgbéyàwó.

Iṣẹ́ ní Ìbàdàn

Tọkọtaya náà dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹrin ọdún 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Anna kọ́ èdè Yorùbá, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ òbí láti fi ọmọ wọn lé aláwọ̀ funfun lọ́wọ́. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn dé, títí kan àwọn ọmọ tí a rà padà kúrò lóko ẹrú. Ìyá ni wọ́n ń pè é.

Ìgbà Ogun Ìjàyè

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà Èkó sì dí. Owó àti ẹrù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Síbẹ̀, wọn kò tú àwọn ọmọ náà ká. Wọ́n ta aṣọ àti ohun èlò ilé wọn láti fi ra oúnjẹ, ebi tí ó sì ń pa àwọn ọmọ ń pa àwọn náà. Ara Anna kò le, ìnira ọdún wọ̀nyí sì tún dín okun rẹ̀ kù. Ní ọdún 1865, àwọn tí John Glover rán láti Èkó la igbó kọjá wá mú un lọ.

Ikú àti ìrántí

Ó tún padà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àìlera mú kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá ní ọdún 1869. Ó kú ní Norfolk ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní ọmọ ọdún 43. Daniel Olúbí, tí ó ti gbé lọ́dọ̀ wọn, ni ó ń darí ìjọ náà lẹ́yìn wọn.